Ẹ má tíì kì í bọ iná o: bí mo ṣe jí tẹlifíṣọ̀n onífáàfù kan dìde

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí kí n tó bọ́ sínú ìtàn, torí ó ń ká mi lára gan-an: tí ẹ bá rí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan níbi tí wọ́n gbé e jù sí láti bí ogójì ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì í bọ iná kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ọwọ́ yún èmi náà nígbà tí mo ní ti àkọ́kọ́, ohun tó sì bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, títí dòní mi ò rí irú ẹ̀ mọ́.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, àpótí ẹ̀ dára, gíláàsì ojú ẹ̀ mọ́ kedere, gbogbo fáàfù ẹ̀, àwọn túùbù gíláàsì kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ inú ẹ̀, ló pé, mo ní kí ni mo tún ń dúró dè, mo bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó kùn hùùù, àwọn fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lábẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, inú mi ń dùn, àfi bí mo ṣe wò ó tí mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn ò pọ́n bí àwọn tó kù, wáyà tín-ín-rín tó wà ní àárín gbùngbùn ló yẹ kó pọ́n, àmọ́ pẹrẹsẹ irin tó yí i ká gan-an ló ń pọ́n bí ẹyin iná. Kí n tó dé ìdí súwíìṣì, òórùn ìda tó ń jó ti gba yàrá kan. Tránsfọ́mà láìnì ni ìda yẹn ti ń kán sílẹ̀. Tránsfọ́mà yẹn ló ń ti ìlà àwòrán láti òsì sí ọ̀tún, òun náà ló ń ṣe iná ńlá tí píkíṣọ̀ túùbù, gíláàsì ńlá tí àwòrán ń hàn lójú ẹ̀, ń lò, wọn ò ṣe é tuntun mọ́, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n wé ò pọ̀.

Nígbà tó yá ni mo wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fáàfù tó ń wa tránsfọ́mà yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí i láti ẹ̀yìn nìkan ló ń kó o níjàánu. Tí iṣẹ́ yẹn ò bá dé, kò sóhun tó máa dá a dúró, iná á kàn máa ya gba inú ẹ̀ kọjá bí omi tó fọ́ ògiri, ara tránsfọ́mà ló sì máa gbà á. Kapasítọ̀ kan ṣoṣo, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná sínú fúngbà díẹ̀, ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yẹn dé. Kapasítọ̀ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí bàbá kan tí mo mọ̀ pè mí wá sílé wọn, tí wọ́n ṣí aṣọ lórí tiwọn, tí wọ́n ní “Ọmọ mi, ṣé èyí ṣì lè sọ̀rọ̀?”, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni “Bàbá, ṣé ẹ ò tíì kì í bọ iná ṣá?” Wọ́n ní rárá, pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo ní ẹ̀rù yẹn ló gbà wá o.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ojú ẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 14, àpótí igi, bọ́tìnnì méjì níwájú, ìyókù wà lẹ́yìn. Ṣánẹ́ẹ̀lì 5 péré ló lè gbà, gbogbo wọn ní Band I, ibi tí BBC wà lórí afẹ́fẹ́, ìyẹn ló jẹ́ n gbà pé wọ́n ti ya àwòrán ẹ̀ sílẹ̀ kí ITV, iléeṣẹ́ kejì tó wà níbòmíràn lórí afẹ́fẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní September 1955, torí látìgbà yẹn wá kò sí ẹni tó máa fẹ́ ra tẹlifíṣọ̀n tí kò lè gba méjèèjì. Ìlà 405 ló ń fi kọ àwòrán. BBC bẹ̀rẹ̀ ìlà 405 yẹn ní Alexandra Palace ní November 1936, wọ́n sì pa èyí tó kẹ́yìn ní January 1985, nítorí náà kẹ́ ẹ tún un ṣe kó dá bíi tuntun, kò sí iléeṣẹ́ kankan lójú ọ̀run tó tún ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Màá dé orí bí mo ṣe rí ọgbọ́n ìyẹn ta.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n wọ̀nyí ò ní tránsfọ́mà tó ya inú wọn kúrò lára iná ilé. Ṣáàsì fúnra ẹ̀, irin tí gbogbo ẹ̀ jókòó lé yẹn, ó so mọ́ ẹsẹ̀ kan nínú wáyà iná ní tààrà, tí wọ́n bá sì ti yí wáyà pílọ́ọ̀gì pa dà nígbà kan rí, ẹ̀gbẹ́ tó máa gbé èèyàn ló wà lára irin yẹn. Mi ò fi ti èmi sí iná láìní tránsfọ́mà tó ń ya iná sọ́tọ̀ láàárín, láéláé. Iná ti píkíṣọ̀ túùbù tún wà lọ́tọ̀, bíi 12,000 fóltì, gíláàsì túùbù náà sì máa ń tọ́jú ẹ̀ pamọ́ torí pé wọ́n kun èédú Aquadag sí i lẹ́yìn, tí inú náà ní tiẹ̀, tí méjèèjì wá di kapasítọ̀ ńlá kan. Ẹ ti yọ pílọ́ọ̀gì tipẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀ ń dúró dè yín. Wáyà onírọ́bà tó nípọn ni mo fi so sukudíráfà mọ́ èédú yẹn, mo wá fi ẹnu ẹ̀ kan ojú ibi tí iná ńlá ti ń wọlé, lẹ́ẹ̀mejì, torí ó máa ń sá pa dà wá díẹ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ọrùn túùbù náà, ẹ má fi dì í mú rárá, ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù, afẹ́fẹ́ ò sì sí nínú ẹ̀, tó bá fọ́ á rún wọ inú kó tó fọ́n jáde sójú èèyàn.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn. Eruku mo gbá, aláǹtakùn mo lé, òwú aláǹtakùn mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré kó.

Ohun tí mo wá fẹ́ sọ gan-an nìyí, tí mo sì máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn lé lórí: fáàfù kọ́ ni. Gbogbo ẹni tó bá gbé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, fáàfù ló ń kọ́kọ́ wá kiri, torí òun ló ń tàn, òun ló ń ṣojú fúnni, òun náà ló rọrùn láti yọ. Mo ti rí ẹni tó ra fáàfù odindi kátọ̀ọ̀nù, tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ ṣì dákẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní ìsàlẹ̀ ṣáàsì níbi tí ojú ò tó ni ìṣòro wà, lára àwọn kapasítọ̀ bébà yẹn, bébà àti fọ́ìlì tí wọ́n wé pọ̀ tí wọ́n rì sínú ìda, tí ọ̀rinrin ti wọ inú ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Kapasítọ̀ tó dáa kì í jẹ́ kí iná tó ń lọ lójú kan kọjá, èyí tó ń yí pa dà nìkan ló ń jẹ́ kó lọ. Àwọn àgbààgbà wọ̀nyí ti di asẹ́.

Mítà lásán ò sì ní sọ fún yín. Ẹ fi mítà sí i bẹ́ẹ̀, bátìrì inú mítà ò ju fóltì mélòó kan lọ, kapasítọ̀ á ṣe bí ẹni rere. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa tú ẹsẹ̀ ẹ̀ kan, mo máa fi 250 fóltì sí i láti ara ẹ̀rọ kékeré tí agbára iná ẹ̀ ò pọ̀, mítà mi á wà láàárín ọ̀nà. Tó bá jẹ́ ọmọlúàbí, ojú mítà á fò sókè lẹ́ẹ̀kan, á wá máa rọlẹ̀ títí táá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Ti inú tẹlifíṣọ̀n Bàbá, èyí tó wà láàárín fáàfù kékeré tó ń gbé ohùn lárugẹ àti fáàfù ńlá tó ń tì í sí lausipíkà, ó fò sókè, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó wá dúró sí 90 fóltì. Ó dúró síbẹ̀ gbagidi. Mítà mi ní mẹ́gáòmù 10 nínú (òmù la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: kapasítọ̀ yẹn ti di rẹsísítọ̀, ohun tó ń dín iná kù àmọ́ tó ń jẹ́ kó kọjá, bíi mẹ́gáòmù 18. Ẹnì kan á ní 18 pọ̀ jàre, kí nìyẹn máa ṣe. Ó máa ṣe é o, torí 200 fóltì ló wà lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́gáòmù 1 péré ló wà níwájú ẹ̀, fóltì tó lé ní 10 ló máa já sórí gíríìdì, ẹnu ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọ inú fáàfù ńlá yẹn, gíríìdì tí kò yẹ kí fóltì kankan ti ibẹ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Fáàfù yẹn á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, á gbóná, á jó tránsfọ́mà ohùn mọ́ra, ẹni tó ni ín á ní fáàfù ló bàjẹ́, á pààrọ̀ ẹ̀, tuntun náà á tún jó.

Nítorí náà mi ò yàn, mi ò ṣà. Gbogbo kapasítọ̀ bébà inú ẹ̀ pátá ni mo pààrọ̀, mo fi oníke ti òde òní tó lè gba 630 fóltì rọ́pò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo bá tú ọ̀kan màá fi ọ̀kan sí kí n tó kàn òmíràn, kí n má bàa ṣi wáyà so. Èyí tó wà níbi iná tránsfọ́mà láìnì, mo fi èyí tó gba jù bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn rẹsísítọ̀ èédú náà, mo wọ̀n wọ́n, wọ́n kì í wálẹ̀, òkè ni wọ́n máa ń lọ tí wọ́n bá ti dàgbà, àwọn kan ti fi ìdajì lé sí ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára.

Àwọn kapasítọ̀ alágolo, àwọn ńlá yẹn tó ń mú iná jòkòó jẹ́ẹ́, ìyẹn yàtọ̀ sí bébà. Wọ́n lè jí pa dà. Awọ tín-ín-rín kan ló wà nínú wọn lára fọ́ìlì, tí ó máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí wọn ò bá lò ó fún ìgbà pípẹ́, iná díẹ̀díẹ̀ ló ń dá a pa dà. Mo fi rẹsísítọ̀ ńlá sáàárín, mo bẹ̀rẹ̀ láti bí 30 fóltì, mo ń gbé e sókè ní wákàtí wákàtí, mo ń wo bí iná tó ń jò ṣe ń dínkù. Agolo kan gbà. Ìkejì ń gbóná sí mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń gbé e sókè, mo sì ti mọ̀ pé èyí tó bá ti ń gbóná ti lọ nìyẹn, mo yọ wáyà ẹ̀, mo fi agolo ẹ̀ sílẹ̀ lórí ṣáàsì kí ojú ibẹ̀ má yí pa dà, mo so tuntun sí ìsàlẹ̀.

Ó ku hítà, wáyà tín-ín-rín tó ń pọ́n láàárín fáàfù yẹn. Àwọn fáàfù yìí, orúkọ wọn dùn mọ́ mi púpọ̀, torí ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, wọ́n sì wo ilé lóòótọ́. PL81: P yẹn ń sọ pé hítà ẹ̀ ń gba 300 mílíámpù, L ní pẹ́ńtóòdù alágbára lòun, irú fáàfù kan tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá, 8 ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án lòun fi dúró. PY81, Y ní ọ̀nà kan ṣoṣo lòun ń jẹ́ kí iná gbà. EF80, E yẹn ní 6.3 fóltì ni hítà òun. Tẹ́ ẹ bá ti mọ lẹ́tà yẹn, ẹ ti mọ ìran ẹ̀. Gbogbo wọn, títí dórí píkíṣọ̀ túùbù, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n so mọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, PL81 á mú 21.5 fóltì, PY81 á mú 17, EF80 kọ̀ọ̀kan á mú 6.3, títí iná ilé á fi tán, rẹsísítọ̀ ńlá kan tó máa ń gbóná bí ààrò ló ń jẹ àṣẹ́kù. Tí ọ̀kan bá já, gbogbo ilé ṣókùnkùn.

Ti Bàbá já. Mo yọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wọn ẹsẹ̀ 4 àti 5 wọn, gbogbo hítà wọn ló wà láàyè. Gbogbo wọn! Ihò tí PY81 ń jókòó sí ni ìpáta ti bò, ẹsẹ̀ fáàfù ò kan ara irin. Mo fi abẹ́rẹ́ fún irin ihò yẹn pọ̀ díẹ̀, mo fi oògùn ìnu-wáyà fọ̀ ọ́, ó tán. Ẹ ò rí i, fáàfù kọ́ ni.

Ọjọ́ tí mo fi sí iná, mo so gílóòbù 100 wáàtì mọ́ ọ̀nà ẹ̀, kó jẹ́ pé tí ohun kan bá fi ara kan ara nínú ẹ̀, gílóòbù ló máa tàn gbòò dípò kí tẹlifíṣọ̀n jó. Mo pa iná yàrá. Gílóòbù tàn fẹ́ẹ́rẹ́, kò ju ti fìtílà lọ. Ìṣẹ́jú kan kọjá, àwọn fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú nínú òkùnkùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lausipíkà mí ṣììì. Nígbà tí mo yọ gílóòbù kúrò lọ́nà tí iná wá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tán, mo gbọ́ ọ, ìfé tín-ín-rín yẹn. Ìlà 405 ní ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 10,125 nìyẹn, tránsfọ́mà láìnì ló ń fi ara ẹ̀ kọ ọ́ lórin. Ti ìlà 625 tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964 pẹ̀lú BBC2, 15,625 ni tiẹ̀, àgbàlagbà púpọ̀ ni kì í gbọ́ ọ. Ti 405 yìí, etí mi ṣì gbà á. Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò lè parọ́, omi bọ́ lójú mi, torí ìfé yẹn ni èyí àkọ́kọ́ ò rí ṣe kó tó kú sí mi lọ́wọ́.

Ojú ẹ̀ wá tàn, ìlà funfun kan ṣoṣo ní àárín gbùngbùn, láti òsì dé ọ̀tún. Mo sáré rẹ iná ojú ẹ̀ sílẹ̀, torí tí gbogbo iná yẹn bá dúró lójú kan á jó oògùn inú gíláàsì, àpá ẹ̀ ò sì ní lọ mọ́. Láìnì ń ṣiṣẹ́, fíìdì tó ń fà á láti òkè sí ìsàlẹ̀ ló kú. Rẹsísítọ̀ kan tó ń bọ́ ẹ̀rọ fíìdì náà ni, lábẹ́ bọ́tìnnì tó ń ṣàtúnṣe gíga àwòrán, wọ́n kọ mẹ́gáòmù 1.2 sí i, mítà mi ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti fò ó nígbà tí mo ń wọn àwọn tó kù, torí ó há sẹ́yìn wáyà. Mo pààrọ̀ ẹ̀, àwòrán ṣí bí aṣọ tí wọ́n ta.

Ọgbọ́n tí mo ta sí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ nìyí: àpótí kékeré kan wà tó máa ń gba àwòrán ti òde òní, á tún un kọ ní ìlà 405, á wá fi í ránṣẹ́ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì àtijọ́, àwòrán ní 45 MHz, ohùn ní 41.5 MHz, bí ti ṣánẹ́ẹ̀lì 1 gan-an. Mo fi Test Card C sí i, àwòrán ìdánwò àtijọ́ tó ní róbótó ńlá láàárín. Ìsàlẹ̀ róbótó náà fún pọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lé e, mo mọ èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kapasítọ̀ alágolo kékeré tó wà ní kátóòdù, apá tí hítà ń mú gbóná nínú fáàfù, ti fáàfù fíìdì, ó ti gbẹ. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan tún wà ní ọrùn túùbù tí mo ní láti yí jẹ́jẹ́ títí ojú fi mọ́lẹ̀ dé ibi tó lè mọ́lẹ̀ dé, ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀ sí ibi tí kò tọ́ o, ó ń ba túùbù jẹ́. Túùbù náà ò lágbára lálẹ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ dúdú díẹ̀, àmọ́ mo ń tàn án ní wákàtí méjì méjì lálaalẹ́, ó ń le sí i. Àwọn túùbù tó sùn pẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àpótí igi ẹ̀, mi ò bó fánííṣì ẹ̀ o. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ìda oyin pa á, àpá tó wà lára ẹ̀ ti wọn ni. Àwọn kan máa ń kó inú kapasítọ̀ àtijọ́ dànù, kí wọ́n ki tuntun sínú ẹ̀ kó má bàa hàn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dáa ni, mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ èmi ò kì í ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá tún máa ṣí i lẹ́yìn mi rí ohun tí mo ṣe kedere. Àwọn àtijọ́ wà nínú ọ̀rá kan tí mo so mọ́ inú àpótí lẹ́yìn, pẹ̀lú bébà tí mo kọ ohun tí mo wọ̀n lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, 90 fóltì yẹn náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e lọ fún Bàbá, wọ́n wò ó títí, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó ní kí n pa á. Mo pa á. Àwòrán fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó di àmì funfun kékeré kan ní àárín, torí pé kátóòdù ṣì gbóná, iná ńlá ṣì wà lára gíláàsì, ohun tó ń fà á kiri nìkan ló ti dákẹ́. Mo ti ń ká wáyà mi. “Dúró ná,” Bàbá ní, “dúró ná, ọmọ mi, kò tíì lọ.” Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga wọn. Àwa méjèèjì ń wo àmì yẹn, ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, títí a ò fi mọ ìgbà tó lọ.